Ọmọ Ilé Méjì Kì í Ṣe Ọ̀dàlẹ̀

Ní Légbassito níbí, ọ̀rọ̀ kan ń ti ẹnu àwọn àgbà wa jáde tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá mú ìwé Tógò pọ̀ mọ́ ti Nàìjíríà, ọ̀dàlẹ̀ ni. Kí ó yan ọ̀kan, kí ó jáwọ́ nínú èkejì. Òwe tí wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn ni pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.

A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi òwe náà lò. Ta ni ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ odò, bí kì í ṣe ẹni tí ó fi gbogbo ara rẹ̀ lé ìlú kan ṣoṣo lọ́wọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Àwọn Yorùbá tí ó ti bímọ, tí ó ti kọ́lé síbẹ̀ wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ gba Lomé yìí kọjá padà sílé. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí Gánà kò gbà wọ́n. (Nàìjíríà náà lé àjèjì ní 1983, ẹ má jẹ́ kí a fi ìyẹn pamọ́.)

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bí a tilẹ̀ bí i sí òkèèrè, ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni. Ìpín 28 kò gba ẹ̀tọ́ ìbí yìí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ní ìlú mìíràn. Níhìn-ín, òfin 1978 ni ó dí ọ̀nà: ọmọ kò lè jogún ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ ará Tógò àfi bí bàbá kò bá ní orílẹ̀-èdè, tàbí tí a kò mọ èyí tí ó ní. Ṣùgbọ́n abala 32 òfin ìpìlẹ̀ 1992, èyí tí ó wà títí di ọdún 2024, ti wí pé bàbá tàbí ìyá, ẹ̀tọ́ ọmọ ni.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ewe, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìlú méjì. Nígbà tí a bá ń ki ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fi oríkì ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni ó ti pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ rí?

Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà wọ̀nyí. Nígbà tí ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n bi í ní certificat de nationalité, kò ní. Ẹrù ni ó ń rù lọ́jà báyìí. Ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí Tsévié, kò tíì dárí ji ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn, àwa náà kò sì lè bá a bẹ̀bẹ̀.

A ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé, kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wa pé ìmọ̀ràn náà kò tọ́. Kí wọ́n sì yan ẹni méjì tí ó gbọ́ Faransé dáadáa, tí yóò máa tẹ̀lé àwọn ìyá lọ gba ìwé náà fún ọmọ wọn.