Ta Ló Bi Ẹbí Léèrè?

Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ ìdí tí a kò fi ń yọ̀ǹda ojú òkú fún afọ́jú ní ilẹ̀ wa, àṣà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní Yorùbá kò gbà kí a fọwọ́ kan òkú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan ná: ta ló bi ẹbí léèrè?

Ọ̀pọ̀ rò pé gbogbo ẹyinjú ni wọ́n ń gbé sínú ojú ẹlòmíràn. Rárá o. Kọ́níà ni wọ́n ń lò, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara bíi dígí, tó bo iwájú ẹyinjú. Bí egbò tàbí ásíìdì bá ti sọ ọ́ di funfun, ìmọ́lẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, àfi kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ikú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí nọ́ọ̀sì tí opó kan kò mọ̀ rí bá sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì pé kó yọ̀ǹda ojú ọkọ rẹ̀, kí lẹ rò pé yóò wá sí i lọ́kàn? Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n ká ẹ̀yà ara ènìyàn mọ́ àwọn olóògùn owó lọ́wọ́, ohun tí yóò rò ni èmi àti ẹ̀yin náà máa rò. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀kan. Ọgbọ́n ni.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ẹni tó wà láàyè lè kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó fẹnu sọ ọ́, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bí kò bá sọ nǹkan kan kó tó kú, ọkọ tàbí aya ló kọ́kọ́ láṣẹ láti fọwọ́ sí i, kó tó kan ọmọ tó ti dàgbà, òbí, alágbàtọ́, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tó kọ ọ́ kò jókòó níbi ìpàdé ẹbí ní Ọ̀wọ̀ rí. Ìyàwó wo ló máa dá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò tíì dé láti Àkúrẹ́? Bó bá dán an wò, àwọn kan á ní òun ló pa ọkọ rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rù tó wà nínú àṣà náà. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá yọ ojú rẹ̀ yóò tún ayé wá láìríran. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àbíkú ló bí i, torí àwọn baba wa a máa fi àmì sí ara òkú àbíkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà. Àmọ́ àmì ìyà nìyẹn, fún ọmọ tó ń dá ìyá rẹ̀ lóró. Ta ni yóò fìyà jẹ ẹni tó ṣoore? Ní Ọ̀wọ̀ níbí, wọ́n a máa gbẹ́ àkó fún òkú ọlọ́lá: ère tó jọ olóògbé, tí wọ́n wọ̀ láṣọ, tí wọ́n gbé yí ìlú ká, nígbà tí òkú fúnra rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé iyì òkú kò sí nínú ara rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí wọ́n kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn ènìyàn jáde lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó fara pa. Wọ́n bẹ̀ wọ́n ni, wọ́n sì mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ bá.

Nítorí náà, ẹ bi wá nígbà tí ara wa ṣì le, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé náà fún olórí ẹbí, bí òfin kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, kí ẹni tó máa béèrè má ṣe jẹ́ dókítà tó tọ́jú aláìsàn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó jẹ́ kó kú nítorí ojú rẹ̀. Kó ṣàlàyé pé ojú òkú kò ní ṣófo, pé kò ní dá ìsìnkú dúró, ì báà jẹ́ ti Mùsùlùmí, àti pé òfin kan náà ló ka títà rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó padà wá sọ fún ẹbí pé wọ́n ti lò ó. Ní Sri Lanka, ọdún 1958 ni Hudson Silva ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ènìyàn. Lónìí, wọ́n ń fi kọ́níà ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Mo bi ìyá mi àgbà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Ta ló rán ọ?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Wọ́n bi mí bóyá wọ́n máa tà á, bóyá ojú àwọn yóò ṣì rí bó ṣe rí bí wọ́n bá tẹ́ àwọn sílẹ̀. Mo dáhùn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọ́n ti sùn.

"Pe àbúrò mi wá lọ́jọ́ Àìkú," ni wọ́n wí. "Mi ò ní dá irú ọ̀rọ̀ yìí sọ."