Àgbà tí ń Ka Ìtàn: Ọ̀rọ̀ Olóòtú lórí Sinimá “The Princess Bride” àti Àwọn Olùwòran Rẹ̀

Kì í ṣe àṣà ìwé ìròhìn ẹgbẹ́ wa yìí láti máa dá ẹjọ́ sinimá. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè àti ti ìlànà àwọn baba wa ni àwọn Ọba alayé, àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń kà wá ti mọ̀ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n sinimá kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1987, tí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán títí di òní láàárín àwọn tí ó wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó wò ó ní ọmọdé ti di ẹni tí ń fi í han ọmọ tiwọn. Nígbà tí a sì yẹ àríyànjiyàn náà wò fínnífínní, a rí i pé ọ̀ràn tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ọ̀ràn àgbà àti ọmọdé ni, àti ti ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn. Nítorí èyí ni a ṣe fi ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún un ní oṣù yìí.

Orúkọ sinimá náà ni The Princess Bride, èyí tí a lè pè ní Ìyàwó Ọmọ Ọba ní èdè wa. Rob Reiner ni ó darí rẹ̀. William Goldman, tí ó kọ ìwé ìtàn tí a ti mú un jáde, tí a sì tẹ ìwé náà ní ọdún 1973, ni ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni pé òun bi àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì léèrè irú ìtàn tí wọ́n fẹ́ kí òun kọ fún wọn. Ọ̀kan ní kí ó jẹ́ ti ọmọ ọba, èkejì ní kí ó jẹ́ ti ìyàwó. Ó sì so ìfẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ di orúkọ ìwé.

Àrékérekè dídùn kan wà nínú ìwé náà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá, nítorí lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Goldman ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ni ó kọ ọ́. Ó ní òǹkọ̀wé àtijọ́ kan tí ń jẹ́ S. Morgenstern ni ó ni ín, pé òun kàn gé e kúrú ni. Morgenstern yìí kò sí láyé rí. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà wí pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, tí àìsàn dá òun dùbúlẹ̀, baba òun, àlejò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá sí Amẹ́ríkà, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, jókòó ti ibùsùn òun, ó sì ka ìwé náà fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí òun dàgbà, òun wá ìwé náà rà fún ọmọkùnrin òun, ọmọ náà kò sì lè kà á kọjá orí kìíní. Ó yà á lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣí i wò fúnra rẹ̀, ó rí i pé ìwé náà kún fún ọ̀rọ̀ tí ń múni sùn: ìtàn àwọn ọba tí ó ti kú, àti ẹrù dídì àwọn ọmọ ọba ní ojú ìwé lé ojú ìwé. Baba rẹ̀ ti ń fò wọ́n! Ibi tí ó dùn nìkan ni ó ń kà, ọmọ kò sì mọ̀. (Ọmọkùnrin inú ìwé yìí pẹ̀lú, àròsọ ni, ọmọbìnrin méjì ni Goldman bí.)

Nínú sinimá, baba inú ìwé di bàbá àgbà. Ọmọkùnrin kan ń ṣàìsàn lórí ibùsùn, ó ń fi ẹ̀rọ ta ayò. Bàbá rẹ̀ àgbà wọlé, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tí ọmọ náà kórìíra, ó sì mú ìwé jáde. Ọmọ náà rò pé àsìkò òun yóò ṣòfò. Ìtàn tí àgbà náà kà ni ti Buttercup, ọmọbìnrin inú oko kan, àti Westley, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wọn, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Westley rékọjá òkun láti wá ọrọ̀. Ìròhìn dé pé àwọn olè ojú omi ti pa á. Ọmọ ọba ìlú náà sì yan Buttercup ṣe aya láìsí ìfẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mẹ́ta gbé e sálọ: alárèékérekè kan, òmìrán kan, àti ará Sípéènì kan, ọ̀gá nínú idà jíjà, tí ó ti ń wá ẹni tí ó pa baba rẹ̀ kiri fún ogún ọdún. Igbó tí iná ń sọ láti inú ilẹ̀ wà níbẹ̀, òkété tí ó tó ènìyàn wà níbẹ̀, àti arúgbó oníṣègùn tí ó jí ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí. Ní àjọ̀dún sinimá ti Toronto ní Kánádà, ní ọdún 1987 kan náà, ìbò àwọn olùwòran ni ó fún un ní ẹ̀bùn àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé sinimá gbogbo, kò mú owó ńlá wá. Ohun tí ó pa ní Amẹ́ríkà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 30 dọ́là, nígbà tí wọ́n ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 láti ṣe é. Àwọn tí ń tà á kò mọ ẹni tí wọn ì bá tà á fún: ọmọdé ni, tàbí olólùfẹ́, tàbí ẹni tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín? Inú ilé ni ó ti wá gbilẹ̀, nígbà tí àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í yá téèpù rẹ̀, tí òbí ń jókòó ti ọmọ láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 2016, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fi í sínú àwọn sinimá tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun. Nínú yàrá àwọn ènìyàn, láàárín àgbà àti ọmọ, ni sinimá yìí ti gba oyè rẹ̀.

Wàyí o, kí ni àwọn olùwòran ń bá ara wọn jà sí?

Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ ni ó ń fi ìtàn ìfẹ́ ṣe. Àwọn kan ní kò sí sinimá tí ó fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ tó o. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì tọ̀nà, a kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ bí a ṣe ń fi ìjàpá ṣe yẹ̀yẹ́ tí a sì ń ṣàánú rẹ̀ nínú àlọ́ kan náà kò ní bi ẹnikẹ́ni bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ni ó wúwo. Àwọn olùwòran kan ń ráhùn pé bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń da ìtàn rú. Wọ́n ní nígbà tí eré bá ti gbóná, a ó ṣàdédé gbé wọn padà sí yàrá aláìsàn, láti gbọ́ bí ọmọdé ṣe ń ṣàròyé. A kò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Buttercup bọ́ sínú òkun, tí ẹja ńlá kan tí ó gùn bí ejò ń bọ̀ wá gbé e mì. Bàbá àgbà dákẹ́. Ó sọ fún ọmọ náà pé ẹja náà kò ní jẹ ẹ́. Èéṣe? Nítorí pé ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó sì rí i pé ẹ̀rù ti ń ba ọmọ náà, bí ọmọ náà tilẹ̀ sẹ́. Ẹ wo ibòmíràn, nígbà tí ó jọ pé Westley ti kú, tí ọmọ náà béèrè ẹni tí yóò pa ọmọ ọba burúkú náà, tí a sì dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí yóò pa á. Ọmọ náà bínú, ó béèrè ìdí tí àgbà náà fi ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún òun. Àgbà náà kò parọ́ láti tù ú nínú; ó gbà láti pa ìwé dé, ó sì dúró de ọmọ náà títí tí ó fi ní kí ó máa kà á lọ. Ní ìparí, nígbà tí ó kan ìfẹnukonu tí ọmọ náà ti kórìíra láti ìbẹ̀rẹ̀, àgbà ní òun lè fò ó. Ọmọ ní kí ó má fò ó. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ àgbà náà kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ń kà á ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá yọ ìdádúró wọ̀nyí kúrò yóò rí ìtàn ọmọ ọba kan gbà, irú èyí tí ó wà lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀sùn kẹta jẹ́ ti àwọn obìnrin, ó sì tọ́. Wọ́n ní Buttercup kì í ṣe ohunkóhun ju pé kí a gbé e, kí a gbà á, kí a tún gbé e lọ. Wọ́n tún tọ́ka sí ibi tí Westley, tí ó fi ìbòjú pa ara rẹ̀ mọ́, gbé ọwọ́ sókè sí i bí ẹni tí yóò gbá a létí, nítorí ó rò pé ó ti da òun. Ẹni tí a pè ní olólùfẹ́ tòótọ́! A kò ní wí pé eré ni, kí a fi í sílẹ̀. Ìyà tí wọ́n fi ẹ̀rọ jẹ Westley nínú ihò ilẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin dá wò. Ní ibi méjèèjì yìí ni àgbà tí ó bá jókòó ti ọmọ ti gbọ́dọ̀ dá eré dúró, kí ó sọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn tí ó ka ìwé, tí wọ́n ní sinimá ti mú ìkorò rẹ̀ kúrò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Òpin ìwé náà ṣókùnkùn. A kò mọ̀ bóyá àwọn olólùfẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń lé wọn. Sinimá jẹ́ kí wọ́n gun ẹṣin funfun lọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kí ni Goldman ṣe ju ohun tí baba inú ìwé rẹ̀ ti ṣe lọ? Ó wo àwọn tí yóò gbọ́ ọ, ó sì fo ibi tí ó yẹ ní fífò.

Ẹ̀yin àgbà wa, ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti wọ agboolé wa. Nínú àlọ́ wa, ẹni tí ń pa á kò lè bẹ̀rẹ̀ títí tí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn. Bí wọn kò bá gbe orin, a mọ̀ pé oorun ti ń kùn wọ́n, a ó sì yára dé òpin. D. O. Fágúnwà mọ èyí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1938, ọdẹ arúgbó náà kò sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ó tọ akọ̀wé wá, bí ó sì ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni àwọn olùgbọ́ ń pọ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ìwé náà di sinimá ní ọjọ́ kan, àwọn olùwòran yóò jà lórí ẹbọra àti aṣọ ọdẹ. Ohun tí àwa yóò kọ́kọ́ wò ni bóyá wọ́n fi akọ̀wé àti èrò tí ń gbọ́ ìtàn sílẹ̀ síbẹ̀.

Lónìí, ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní London, ọmọ ọdún méje ń dá wo sinimá lórí fóònù pẹ̀lú ohun ìgbọ́rọ̀ ní etí méjèèjì. Bàbá àgbà wà ní pálọ̀, òun pẹ̀lú dojú kọ fóònù tirẹ̀. Kì í ṣe pé ìtàn wọ́n àwọn ọmọ wa. Ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ẹni tí yóò gbé ojú sókè, kí ó rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ni kò sí. A máa ń wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ti wọ inú yàrá báyìí, àgbà kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò fẹ́ kí a lé sinimá òyìnbó jáde kúrò ní ilé. Àwa kò sí lára wọn. Sinimá yìí gan-an ni ẹlẹ́rìí wa tí ó dára jù: àwọn tí ó ṣe é fi àgbà kan sí àárín gbùngbùn iṣẹ́ wọn, wọn kò sì tijú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé àlọ́ ti gbàgbé wọn, tàbí pé ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà ní òkè òkun kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Baba inú ìwé Goldman kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó sì kà á.

Bí ìsinmi bá dé, tí àwọn ọmọ bá wá sílé, kí olóyè tí ó ní ìwé Fágúnwà kan lórí pẹpẹ mú un sílẹ̀, kí ó fi àga sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí ó kà á fún ìdajì wákàtí lálẹ́. Ibi tí ìwàásù bá ti gùn jù, kí ó fò ó. Bí ọmọ bá sì ní kí ó má fò ó, kí ó padà sẹ́yìn.