Títà Ilé Bàbá Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń dá ìjà sílẹ̀ ní agboolé púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí i mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti títà ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. A kò wí pé ẹni tí ó bá ta irú ilé bẹ́ẹ̀ dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé ọ̀nà tí a ń gbà tà á ni ó ń tú ẹbí ká, kí owó náà tilẹ̀ tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí, tí ó ti tẹ àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta kọjá, tí ó sì ti jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dókè, yóò ti rí ilé àwọn baba ńlá wa níbẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ àti kóòtù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ lè dé, tí oko sì súnmọ́. A kò gbọ́ pé ẹnìkan nínú wọn ta ilé tí ó fi sílẹ̀ lókè. Òtítọ́ ni pé a lè béèrè pé ta ni ìbá rà á, nígbà tí olúkúlùkù ń di ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀! Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ilé wọ̀nyí kò dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ilé ìsàlẹ̀ ni ó ń dá ìjà sílẹ̀.

Kòkó ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Bàbá yóò kórè, yóò ra páànù lọ́dún yìí, yóò ra sìmẹ́ńtì lọ́dún tí ń bọ̀, títí ilé yóò fi parí. Owó kòkó kan náà ni ó fi rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ìwé tí wọ́n kà sì gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́, sí Èkó, sí Ìlú Ọba àti sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí bàbá bá kú, ilé yóò ku ìyá arúgbó kan àti ọmọbìnrin kan tí ń tọ́jú rẹ̀. Òjò ń wọlé. Àwọn tí ó wà lókèèrè ń fi owó àtúnṣe ránṣẹ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọn a tún gbọ́ pé ibòmíràn ti ń jò. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá, tí ó wá wí pé ẹ jẹ́ kí a tà á, a kò lè pè é ní ọmọ burúkú.

Ọjà ilé pàápàá kò dúró lójú kan. Ní ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ga kọjá ẹgbàárùn-ún dọ́là, irú èyí tí a kò rí rí; nígbà tí ó di ọdún 2025, ó ti tún ń bọ̀ wálẹ̀. Ní ìlú tí kòkó ti jẹ́ orísun owó, ẹni tí ó bá rí ẹni tí ó fẹ́ rà lónìí lè má rí i mọ́ ní ọdún tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ìkánjú fi ń mú àwọn ọmọ. Wọn a rò pé bí wọ́n bá dúró pe gbogbo ẹbí jọ, oníbàárà yóò ti lọ.

A mọ ilé kan tí a kò ní dárúkọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọmọ méje ni bàbá fi sílẹ̀, ìyàwó méjì ni ó sì bí wọn, márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀kan, méjì lọ́dọ̀ èkejì. Ìyá àwọn méjì yìí nìkan ni ó ṣì wà láàyè, inú ilé náà ni ó sì ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé ní Èkó rí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé. Ó bá àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, èyíinì sì wí pé ohun tí ẹ bá ṣe náà ni. Ó ka èyí sí ohùn gbogbo ẹbí. Ó gba ìdajì owó, ó sì kọ rìsíìtì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tí ó rà á dé pẹ̀lú wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ kú àárọ̀, Mámà. Ilẹ̀ ni a fẹ́ wọ̀n.”

“Ẹ kú àárọ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ta ni ẹ fẹ́ wọ̀n?”

Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ó rí i pé ìyá kò mọ nǹkan kan, ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un, ojú sì ti òun fúnra rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọbìnrin àgbà ti ra ọ̀dà, ó sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹni tí ó bá ń rin ìrìn-àjò ní ilẹ̀ wa mọ àkọlé yìí dáadáa. Àwọn kan a máa fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Oníbàárà béèrè owó rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á ti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Nígbà tí ẹbí sì péjọ, ìjà mìíràn ni ó kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀: bí a bá tilẹ̀ tà á, báwo ni a óò ti pín in? Àwọn ọmọ ìyá kan ń fẹ́ ìdí-igi, kí a dá owó sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí iye ìyá. Àwọn ọmọ ìyá kejì ń fẹ́ orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù gba ìpín tirẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé yóò ti mọ èyí tí ó ń fẹ́ èwo.

Ẹjọ́ yìí ti dé London rí. Suberu Dawodu ti Èkó kú ní ọdún 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ẹjọ́ lórí pípín ogún rẹ̀ kò tán títí di ọdún 1962, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ọba ní London wí pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n pé bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè pinnu pé kí a pín in ní orí-ò-jorí. Ọdún méjìlélógún! A kò mọ iye tí àwọn lọ́yà gbà, ṣùgbọ́n a lè fojú bù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí òun jẹ́ ọmọkùnrin, ohùn òun nìkan ni ó tó. Láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ni kóòtù ti wí pé ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìpín jẹ́ ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, àti pé lẹ́yìn àkọ́bí ọkùnrin tí í ṣe Dáwódù, ọmọ tí ó bá dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni ó yẹ kí ó di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Kóòtù Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tún là á kalẹ̀ pé bí olórí ẹbí bá ta ohun ìní ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbààgbà ẹbí lọ́wọ́ sí i, wọ́n lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í ṣe olórí bá tà á lẹ́yìn olórí, títà náà kò sí rárá, bí ẹni pé a kò tà á rí. Nítorí náà, arákùnrin wa ti Èkó kò ta nǹkan kan. Gbèsè ni ó jẹ.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń fi owó ra ilé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tí ó bá wí fún yín pé àwọn ará òun ti gbà, ẹ béèrè pé níbo ni wọ́n wà. Ẹ lọ sí inú ilé náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kí àwọn tí ń gbé ibẹ̀, ẹ béèrè olórí ẹbí, ẹ sì béèrè àwọn ọmọbìnrin, nítorí àwọn ni a sábà máa ń yọ sílẹ̀. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kan náà níwájú lọ́yà. Alágbàtà tí ń gba owó lọ́wọ́ olùtà àti olùrà kò ní sọ èyí fún yín. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ìgbà tí Òfin Ilẹ̀ ti jáde ní ọdún 1978, ó di dandan kí a gba ìyọ̀ǹda Gómìnà tàbí ti Ìjọba Ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irú ilẹ̀ náà ti rí, kí títà tó múlẹ̀.

Ní ti ọmọ ẹbí tí ó mọ̀ pé olórí ń ta ilé láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù, tí ó dákẹ́, tí olùrà wó o, tí ó sì tún un kọ́, kí ó tó wá ké, kí ó má retí pé kóòtù yóò ṣàánú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ni ó dùn wá jù. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, kóòtù wí pé ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé omi fún àwọn tí ó mọ ilé náà? Ta ni ó sá kòkó tí a fi ra páànù? Bí àwọn ọmọ bá jókòó láti sọ̀rọ̀ títà, ìbéèrè kìíní tí ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni ibi tí ìyá yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí dá iye owó. A ti rí ẹbí tí ó dá iye owó fún oṣù mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè èyí.

Ilé tí a ń wí yìí, ọdún méjì ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni ó dá owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti san ti oníbàárà padà, kí orúkọ bàbá wọn má bàa dé àgọ́ ọlọ́pàá. Láàárín ìgbà náà, iyàrá méjì lẹ́yìn ilé wó. Àwọn kan ń fẹ́ kí kóòtù ta á ní gbàǹjo kí a pín owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti dúró níbi gbàǹjo rí mọ̀ pé ilé kì í sábà mú iye tí ó tọ́ sí i wá níbẹ̀. Níkẹyìn, ní ìsinmi Kérésìmesì, àwọn méjèèje jókòó sínú pálọ̀ bàbá wọn, ẹni tí ó wà ní London sì wá fúnra rẹ̀. Ó gbà láti ra ìpín àwọn mẹ́fà yòókù, kí ó san án láàárín ọdún mẹ́ta, lọ́yà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orí-ò-jorí ni ọmọbìnrin àgbà, tí í ṣe olórí wọn, pinnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí-igi ni ìbá ṣe òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ láǹfààní. Iye tí wọ́n rí gbà kéré sí ti oníbàárà àkọ́kọ́ dáadáa. Ìyá ṣì wà ní iyàrá rẹ̀, a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e jáde títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

A kọjá níwájú ilé náà láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti yí páànù rẹ̀ padà. Àkọlé ara ògiri wà níbẹ̀ síbẹ̀, wọn kò tíì pa á rẹ́.