Ẹ má fárí abúlé lẹ́yìn olórí lórí WhatsApp

Kí èèyàn tó kúrò ní Gonzagueville, létí òkun ní Port-Bouët ní Abidjan, dé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò la Ghana, Togo àti Benin kọjá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò àti àwọn abúlé tó yí i ká ló ti fi Abidjan ṣe ilé láti ìgbà àwọn bàbá wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́ èdè Faransé nínú ìlú Èjìgbò.

Láyé ijọ́hun, awakọ̀ ló ń gbé lẹ́tà, kásẹ́ẹ̀tì àti owó ìdàgbàsókè lọ sílé. Lónìí, bí ìjì bá ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ lábúlé láàárọ̀, àwòrán rẹ̀ ti lè dé Gonzagueville kó tó di ọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ ìlú ti ń dáwó.

Ohun tó dára ni. Àmọ́, ta ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe?

Lójú òpó WhatsApp, ẹni tó ní fóònù tó dáa àti dátà lohùn rẹ̀ ń dún jù. Ìyá tó ń pọnmi lódò kò sí níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń jẹrà nítorí ọ̀nà oko tó bàjẹ́ kò sí níbẹ̀. Bí ìlú ṣe ń kọ́ ibodè aláràbarà nìyẹn, tí wọn kò sì rí omi mu. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yan obìnrin kan, àgbẹ̀ kan àti ọ̀dọ́ kan lábúlé, tí yóò máa gba ohùn àwọn aráalé sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò gbọ́ ọ, ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan tó jẹ́ Faransé nìkan ló lè kà náà yóò gbọ́ ọ, bó bá ṣáà ti gbọ́ Yorùbá.

Bákan náà, bí owó bá lọ, kí ìṣirò padà wá: iye sẹ́fà tí wọ́n dá, iye náírà tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́ ẹ, rìsíìtì àti àwòrán iṣẹ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook àti WhatsApp dákẹ́ kárí ayé fún bíi wákàtí 6. Fóònù sì lè sọnù nígbàkigbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá owó tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe ilé, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń pọnmi.