Olùyọ̀ǹda ara ẹni nílẹ̀ òkèèrè: Ẹ má di iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ru ẹnìkan

Ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ti ń lọ lo ọdún méjì méjì láwọn orílẹ̀-èdè tó bá béèrè fún wọn ní Áfíríkà, Caribbean àti Pacific. Lọ́dún 2010, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, AU, náà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn. Ohun ìwúrí ni. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ níbi ètò ìdágbére: ta ló ni àkókò ẹni tí wọ́n rán lọ sí abúlé?

Ẹ wo bó ṣe lè rí. Wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan lọ sí ilé ìwòsàn kékeré ní ìgbèríko. Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Kò pẹ́, àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru, nítorí inú ọgbà ilé ìwòsàn náà ló ń gbé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kó wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ìyá ní kó dá kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn. Àjọ tó rán an ń béèrè ìròyìn lóṣooṣù, àwọn ará ilé sì ń pè é lórí WhatsApp pé ó ti gbàgbé àwọn. Ó ṣòro láti sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ọdún kan tó pé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè ṣe èyíkéyìí dáadáa mọ́.

Àwọn kan á ní ẹni náà ni kò mọ bí a ṣe ń ṣètò àkókò. Èrò tiwa ni pé ètò tí wọ́n fi rán an lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Inú ọ́fíìsì ní olú ìlú ni wọ́n ti kọ ọ́. Abúlé kì í fi kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì ṣiṣẹ́. Òjò, oko, ọjà àti àdúrà ló ń pín ọjọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Gambia ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò Technical Aid Corps. Láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Àsìkò yẹn ni àwọn obìnrin wà nínú oko ìrẹsì, tí àwọn ọkùnrin wà nídìí ẹ̀pà. Ẹni tó bá pe ìpàdé àwọn ìyá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àga òfìfo ni yóò bá sọ̀rọ̀. Bí ìgbà òjò bá sì ń lọ sópin ni ibà máa ń pọ̀ jù. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá mọ èyí á kó ìpàdé àti ẹ̀kọ́ sí ìgbà ẹ̀rùn, á sì fi ìgbà òjò sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọjà ọlọ́sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lumo. Àlejò lè rò pé ọjọ́ náà ti ṣòfò, torí kò sẹ́ni tó wá sí kíláàsì. Àmọ́ ọjọ́ náà ni èrò láti abúlé púpọ̀ pàdé lójú kan. Wákàtí kan níbẹ̀ lè ṣe ju ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti abúlé kan sí èkejì lọ. Àkókò tí a fi lọ kí alkalo, ìyẹn baálẹ̀ wọn, kò sì ṣòfò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo. Nínú oṣù àkọ́kọ́, kí olùyọ̀ǹda, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti baálẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò: iṣẹ́ wo gan-an ni, ọjọ́ wo ni ìsinmi, ta ni yóò dáhùn lóru? A kò sọ pé kí nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin tó ń rọbí. Torí pé kò lè tì í ló ṣe yẹ kí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ dín kù.

Ẹ lè bi wá pé: ọmọ tí kò ní olùkọ́ ńkọ́? Ìbéèrè tó wúwo ni. Àmọ́ ọdún méjì yóò pé. Bí ẹnìkan bá ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, kò ní hàn sí ìjọba ibẹ̀ pé èèyàn ṣì kù tó yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá padà sílé, àyè mẹ́ta ló máa ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tó yẹ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn ni èyí tí àlejò fi ń kọ́ ọmọ ìlú náà ní iṣẹ́ rẹ̀. Òun la máa ń kọ́kọ́ pa tì bí iṣẹ́ bá pọ̀, òun náà sì ni yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn àlejò.

Nítorí náà, kí ìjọba àti àwọn àjọ tó ń rán èèyàn kọ wákàtí iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi sínú àdéhùn. Kí owó àjẹmọ́nú tètè dé, kí ẹni tó lọ sìn má baà máa wá iṣẹ́ mìíràn kún un. Kí ìròyìn oṣooṣù di oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ fi ọjọ́ yòókù sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń múra àtilọ, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó buwọ́ lùwé: iṣẹ́ wo ni, wákàtí mélòó ni, ta ni mo máa kọ́ níṣẹ́? Bí ẹni tó fẹ́ rán yín kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, ẹ ní kó lọ wá a wá kí ẹ tó di ẹrù yín.