Kí Ni Àbùùbùtán Ń Wí?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ orúkọ kan wò. Àbùùbùtán ni ohun tí a bù, bù, tí a kò bù tán. Ó jọ pé ẹni tí ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, òkú rẹ̀ ni ó sì bá ní etí òkun. Èrò tèmi ni pé ó tó àkókò kí á wò ó láàyè.

Ẹja ni a ń pè é, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń mí, ọmú ni ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ mu. Àbùùbùtán abuké máa ń kúrò nínú omi tútù ẹ̀bá Antarctica, a wá gùn, a sì wá bímọ nínú omi gbígbóná ìhà tiwa. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń rí i láti Gabon títí dé Benin, Tógò àti Gánà. Ẹranko tí ó wọ̀n tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 yóò fò sókè kúrò nínú omi, yóò já lulẹ̀ gbàá! Yóò fi ìrù na omi, yóò yọrí wòye, yóò tú èémí jáde bí èéfín.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Àwọn kan ní eré ni; àwọn mìíràn ní ó ń gbọn ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lára dànù ni. Àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà jáde ní 2010: bí afẹ́fẹ́ bá le, tí òkun ń pariwo, àbùùbùtán a dín ohùn rẹ̀ kù, a wá máa fi ara àti ìrù na omi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dé etí ẹni tí ó ń pè nínú ariwo ọjà, àtẹ́wọ́ ni yóò pa.

Síbẹ̀, òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà ń fò. Akọ tí ń bá akọ du abo náà ń ju ìrù. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu: kọ̀ǹgọ́ tí onílù fi ń kini, òun náà ni ó fi ń búni.

Lónìí, ariwo òkun ti kọjá ti afẹ́fẹ́ nìkan. Ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá, ẹ̀rọ epo sì ń dún lójú òkun Ìlàjẹ. Ẹ̀wẹ̀, òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣí kúrò. Bí àwọn àgbà apẹja bá fọ́n ká tán, ta ni yóò sọ orúkọ tí Ìlàjẹ ń pe ìfò yẹn fún wa?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Iṣẹ́ àṣekágbá wa kún fún oríkì àti Ifá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará omi kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ìgbókòdá àti Ayétòrò, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn apẹja rí sílẹ̀: oṣù wo ni, kí ni ẹja náà ṣe, kí sì ni wọ́n gbà pé ó túmọ̀ sí. Bí òkú ọ̀kan bá sì gúnlẹ̀, kí á wọn gígùn rẹ̀, kí á ya àwòrán rẹ̀, kí á ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ẹja kí ọ̀bẹ tó yọ. Bí a bá mọ̀ ọ́n láàyè, bóyá àwọn ọmọ wa yóò rí orúkọ mìíràn fún un.