TA NI Ó Ń FÌYÀ JẸ ỌMỌ WA NÍNÚ KÍLÁÀSÌ GẸ̀Ẹ́SÌ?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí nígbà tí ẹ bá ti oko dé, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa. Kí ni ó dé tí ọmọ tí ó mọ ìṣirò, tí ó lè ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká nínú ara, tí ó sì mọ orúkọ gbogbo àrùn tí ń ba kòkó jẹ́, fi ń bẹ̀rù kíláàsì kan ṣoṣo bí ẹni pé eégún ni ó ń lé e? Kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọn yóò sọ ọ́ fún yín, bí ẹ kò bá kọ́kọ́ pariwo mọ́ wọn.

Ẹ̀dùn ọkàn wọn kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ní iṣẹ́ náà pọ̀, pé bí ó ti wù kí àwọn gbìyànjú tó, yíǹkì pupa ni yóò kún inú ìwé àwọn, àti pé kò sí ẹni tí ń sọ fún àwọn bí àwọn yóò ṣe ṣe é tí yóò fi dára. Àwọn àgbà kan, títí kan àwọn tí ó wà nípò, ti dá wọn lóhùn pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé fóònù ni ó gba orí wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀lẹ wà nínú àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ ti wà nínú àwọn tí ń gba owó oṣù ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kì í mú ìwé kan kí ó fi ìwé méje yòókù sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Nínú ìdánwò WAEC, máàkì 50 ni ó wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. 10 wà fún ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 fún bí ó ti tò ó, 20 fún bí ó ti lo èdè, 10 ìyókù sì wà fún sípẹ́lì, àmì ìkọ̀wé àti gírámà. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ń wọn kòkó tà mọ ìṣirò: àṣìṣe 20, máàkì 10 ti wọlẹ̀. Kí ọmọ kó ọgbọ́n Sólómọ́nì sínú àròkọ náà, 10 péré ni ọgbọ́n lè gbà nínú 50. Èdè ni ó ni 30.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fún un ní àyọkà, wọn yóò ní kí ó kó kókó inú rẹ̀ jọ ní ṣókí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá kàn da gbólóhùn inú àyọkà náà kọ, òfo ni. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wo, ẹ̀yin ará? Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ara rẹ̀ ní tòótọ́, Yorùbá ni. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní kò ju ìwọ̀nba tí olùkọ́ kọ sára pátákó lọ.

Èyí tí ó ń pa ni lẹ́rìn-ín jù ni ìdánwò ohùn ẹnu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ìwé ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe é: ìbéèrè 60, kí ọmọ fi pẹ́ńsù kun ìdáhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì la ẹnu. Ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú Òyìnbó rí gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìró inú ship àti ti inú sheep, nígbà tí olùkọ́ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bí tirẹ̀, ń pe méjèèjì bákan náà. Adìẹ bà lé okùn. Ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Àṣìṣe tí wọ́n ń torí rẹ̀ yọ máàkì wọ̀nyí kì í ṣe àṣìṣe òmùgọ̀. Nínú èdè tiwa, “ó wá” ni a ń wí, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ yàn. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń kọ he fún ìyá tí ó bí i lọ́mọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà nítorí pé àná ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Tiwọn ń yí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni àwa fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ní tiwọn, apá kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju apá kejì lọ. Bí olùkọ́ bá lè fi Yorùbá ṣe àlàyé àwọn ìyàtọ̀ yìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora púpọ̀ yóò dínkù. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ni èmi tí ń kọ̀wé yìí lọ. Mo san owó náà, mo sì gbé pátákó kọ́ ọrùn ní ọjọ́ kan nítorí pé mo fi Yorùbá tọrọ rúlà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Pátákó náà kò kọ́ mi ní gírámà kankan.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ mìíràn, ariwo wa kì bá má pọ̀ tó báyìí. Ilẹ̀kùn ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ní ayé ìwé ẹ̀rí Cambridge, ẹni tí ó bá kùnà nínú Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù gbogbo ìwé ẹ̀rí náà. Lónìí, ẹni tí kò bá ní krẹ́díìtì nínú rẹ̀ yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ìbáà ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kọ́, ìbáà ṣe ọ̀gbìn, àní ìbáà ṣe èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kì í ṣe dandan mọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ọmọnìyàn (Arts àti Humanities) ní krẹ́díìtì nínú ìṣirò kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ti Gẹ̀ẹ́sì dúró gbọn-in. Ẹ̀yin òbí ni ẹ sì ń ta àpò kòkó láti tún owó ìdánwò san ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tàbí pé a ní kí ìdánwò rọrùn. Kí ó le! A fẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí àwọn tí ń fi í yangàn ti gbọ́ ọ lọ. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́ ọ kí a tó bèèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, a ti mú ọmọ tálákà wọ kíláàsì; èdè tí a ó fi kọ́ ọ nígbà tí ó bá jókòó ni a kò tíì yanjú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ni ó ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá! Ẹ̀yin tí ẹ gbin kòkó kò ní yà lẹ́nu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ń gbìn kí ó ṣíji bo kòkó kékeré. Ẹni tí ó bá tètè gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀ kò gbọdọ̀ bú kòkó ní ọ̀lẹ nígbà tí oòrùn bá jó o.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi pa ètò náà. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, kéde ní Àbújá, níbi àpérò kan tí British Council pè, pé a ti wọ́gi lé e. Ìdí tí ó fún wa ni pé àwọn agbègbè tí ó fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni ó ń kùnà jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú Mínísítà. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìíní ní 2023 lábẹ́ ètò náà, ìwé kẹta ni ó wà nígbà tí wọ́n wọ́gi lé e. Ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́fà ní girama: kò lè ṣe WAEC kí ó tó di 2035. Báwo ni ó ṣe wá kùnà ní 2025? Àwọn tí ó kùnà ni àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fún lọ́rùn láti kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ tí Yorùbá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀bi oògùn àtijọ́, wọ́n gbé e ka orí oògùn tí aláìsàn kò tíì mu tán.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má jókòó bí àlejò. Ẹ bèèrè ẹni tí ń kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ní yunifásítì, tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn ni, tí wọ́n kàn fi í dí àyè. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì rẹ̀, àti iye àròkọ tí ó lè yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ bèèrè ibi tí owó ìtanràn Yorùbá ń lọ. Kí àwọn aṣòfin tí a fi ìbò wa rán lọ sí Àbújá sì bèèrè lọ́wọ́ Mínísítà, ní gbangba, orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí ètò 2022 kọ́ títí dé WAEC tí ó sì kùnà.